Wọ́n fẹ́ dín ilé olówó pọ́ọ́kú kù ní àdúgbò wa: kí ni a lè ṣe?

ÌyáÌbejì_Kent, ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà 2025

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí a ti ń gbé ní ìlú kékeré kan ní Kent. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, oko àlìkámà ni gbogbo ẹ̀yìn ilé wa. Nísinsìnyí, ilé ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, nítorí pé àwọn tí apá wọn kò ká Lọ́ńdọ̀nù mọ́ ń kó bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 2019, káńsù gba ilé-iṣẹ́ kan láyè láti kọ́ ilé 600 sórí ilẹ̀ náà, wọ́n sì jọ tọwọ́ bọ ìwé pé ìdá 30 nínú 100, ìyẹn ilé 180, yóò jẹ́ ilé olówó pọ́ọ́kú.

Wọ́n ti kọ́ bíi 200 tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà káńsù dé ọ̀dọ̀ àwa tí a múlé ti ibẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ìdá 30 náà di ìdá 12 péré, nítorí pé iṣẹ́ náà kò mówó wọlé tó bí wọ́n ṣe rò. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fún wa láti fèsì. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, 180 yóò di 72.

Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì, èmi ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. £1,450 ni à ń san lóṣù fún ilé oníyàrá méjì, àwa márùn-ún la sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà, tí eruku ń wọlé sí wa lára, ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé bóyá ọ̀kan nínú ilé wọ̀nyẹn yóò jẹ́ tiwa. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òfin gbà pé kí wọ́n yí ohun tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀ padà? Bí mo bá kọ lẹ́tà, ṣé ẹnikẹ́ni yóò kà á? Ṣé irú wa tiẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ilé wọ̀nyẹn fún?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú, ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà

Àǹtí, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò. Orúkọ lásán ni “olówó pọ́ọ́kú” tí wọ́n ń pè é. Láti 2011 ni ìjọba ti gbà pé kí wọ́n gba owó tó tó ìdá 80 nínú 100 iye tí ilé ń lọ lọ́jà, kí wọ́n sì tún máa pe ìyẹn ní Affordable Rent. Bí ilé bá ń lọ ní £1,450, ìdá 80 rẹ̀ jẹ́ £1,160. Ta ni ìyẹn rọrùn fún nínú wa? Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí físà rẹ̀ bá ti sọ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìlú (public funds) kò lè sún mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ wá bí ẹ ṣe máa fi owó pamọ́, kí ẹ lọ sí apá àríwá níbi tí ilé kò ti wọ́n.

Aṣètò_Ìlú, ọjọ́ 4 oṣù Ẹrẹ́nà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìyọ̀ǹda ìkọ́lé ní káńsù méjì kí n tó fiṣẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n kò pé, ẹni tó bá sì tẹ̀ lé e yóò sá kúrò lójú ìjà tó ṣeé jà.

Ìwé tí wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀ ni à ń pè ní àdéhùn Section 106, nítorí pé abala 106 nínú òfin ìṣètò ìlú ti 1990 ni ó dúró lé. Kì í ṣe ìlérí ẹnu. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́, débi pé bí ilé-iṣẹ́ náà bá ta ilẹ̀ náà lọ́la, ẹni tó rà á ra gbèsè náà mọ́ ọn. Ìlànà ìjọba ni pé níbi tí ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ bá ti tó mẹ́wàá, káńsù lè ní kí wọ́n yọ ìdá kan nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí apá wọn kò ká ọjà. Iye ìdá yẹn yàtọ̀ láti káńsù kan sí èkejì, inú ìwé ètò ìdàgbàsókè àdúgbò ni ẹ ó ti rí tiyín.

Ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé ṣe pàtàkì púpọ̀. Kí ọdún márùn-ún tó pé lórí àdéhùn, kò sí ohun tó lè yí i padà àfi kí káńsù fọwọ́ ara rẹ̀ gbà, bí káńsù bá sì kọ̀, kò sí ibi tí ilé-iṣẹ́ náà lè gbé ẹjọ́ náà lọ. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, abala 106A gbà wọ́n láyè láti kọ̀wé bèèrè àyípadà, wọ́n sì lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bí káńsù bá kọ̀. Tiyín ti kọjá ọdún márùn-ún, ọjọ́ 21 tí wọ́n fún yín sì jẹ́ kó dá mi lójú pé ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ aráàlú kò mọ̀, tí àwọn ìgbìmọ̀ káńsù mìíràn pàápàá máa ń gbàgbé, ni ìbéèrè tí abala 106A fi síwájú wọn. Òfin kò ní kí wọ́n bèèrè pé, “Ṣé èrè ilé-iṣẹ́ yìí tó?” Ó ní kí wọ́n wò ó bóyá àdéhùn náà ṣì wúlò, àti bóyá, bí wọ́n bá yí i sí bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fẹ́, yóò ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ bákan náà, láìdín. Báwo ni ilé 72 ṣe máa ṣe iṣẹ́ ilé 180 láìdín? Èyí gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yín.

Ó dájú pé wọ́n ti fi ìwé ìṣirò kan ti ẹ̀bẹ̀ wọn lẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní viability assessment. Ìṣirò iye tí ilé yóò tà ni, tí wọ́n yóò wá yọ iye tí kíkọ́ rẹ̀ náni, owó ilẹ̀ àti èrè wọn kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n lè sọ pé kò ṣẹ́ kù tó. Láti 2018, ìlànà ìjọba ti sọ pé gbangba ni kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ lọ sí ojúlé ayélujára káńsù, ẹ fi nọ́ńbà tó wà lókè lẹ́tà yẹn wá a. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ kọ̀wé bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Bí ó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ wo owó tí wọ́n fi sórí ilẹ̀. Ìlànà náà sọ ọ́ láìfi bò pé iye tí ènìyàn ra ilẹ̀ kì í ṣe àwíjàre fún àìmú ìlànà káńsù ṣẹ. Ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ̀ọ́n nítorí pé ó ti ní in lọ́kàn pé òun yóò bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín ìdá náà kù lẹ́yìnwá, òun ni kó ru àdánù rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo èrè. Ìdá 15 sí 20 nínú 100 iye tí gbogbo ilé náà yóò tà ni ìlànà kà sí èrè tó yẹ. Bí wọ́n bá ti mú 20, ibi tó ga jù pátápátá ni wọ́n lọ.

Bíríkìlà_Àgbà, ọjọ́ 4 oṣù Ẹrẹ́nà

Mo bọ̀wọ̀ fún Àǹtí Aṣètò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ orí ilẹ̀. Ọdún 22 ni mo ti ń to bíríkì ní orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé yẹn ní 2019, bí nǹkan ṣe rí kọ́ ló rí nísinsìnyí. Ní oṣù Bélú 2021, èlé tí Bank of England ń gbà kò ju ìdá 0.1 nínú 100 lọ. Nígbà tí ó fi máa di oṣù Ògún 2023, ó ti di ìdá 5.25. Pákó wọ́n, bíríkì wọ́n, owó iṣẹ́ wa náà sì gòkè. Owó ilé-iṣẹ́ kékeré méjì tí mo bá ṣiṣẹ́ tán pátápátá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú owó oṣù wa nínú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní òun kò jèrè ló ń purọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Ilé-iṣẹ́ akọ́lé kì í fi ilé olówó pọ́ọ́kú rẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Housing Association, ìyẹn àjọ tó ń fi ilé rẹ́ǹtì lówó pọ́ọ́kú láìwá èrè, ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn Housing Association ti ń ná owó wọn sórí àtúnṣe àwọn ilé àtijọ́, èyí tí òjò ń jò àti èyí tí iná lè jó, wọn kì í sáré wá ra tuntun mọ́. Mo rí ilé mọ́kànlá tí a parí, tí a kun lọ́dà, tó dúró lófìfo fún oṣù méje nítorí pé kò sí ẹni tó wá gbà wọ́n. Bí káńsù bá taku lórí 180, tí ilé-iṣẹ́ náà sì kó irin iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ìdá 30 nínú òfo, òfo ni.

Síbẹ̀, Ìyá Ìbejì, mo ní ìmọ̀ràn kan fún yín. Ẹ múra dáadáa ní ọjọ́ Sátidé, ẹ lọ sí ilé àwòṣe tí wọ́n fi ń pe oníbàárà níbẹ̀, kí ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń ta oníyàrá mẹ́ta. Ẹ wá fi wé iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ìṣirò yẹn.

Aṣètò_Ìlú, ọjọ́ 4 oṣù Ẹrẹ́nà

Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà, mi ò jiyàn pé nǹkan wọ́n. Ti Housing Association yẹn náà jẹ́ òótọ́, débi pé ní oṣù Ọ̀pẹ 2024, Homes England, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, dá ètò kan sílẹ̀ láti máa so àwọn tó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ pọ̀ mọ́ àwọn tó lè rà á. Ìbéèrè tó yẹ kí káńsù bi ilé-iṣẹ́ náà nìyẹn: ṣé ẹ ti lo ètò náà? Ṣé ẹ ti bi káńsù fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́ rà?

Ibi tí mi ò ti bá yín lọ ni pé ìṣòro ọdún méjì ni wọ́n fẹ́ fi gba ìdásílẹ̀ títí ayé. Bí káńsù bá tiẹ̀ fẹ́ yọ́nú sí wọn, ó lè kọ àyẹ̀wò sínú ìwé tuntun náà, pé nígbà tí ilé bá tà dé iye báyìí, a ó tún ìṣirò ṣe, bí owó bá sì ti wọlé ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, ilé olówó pọ́ọ́kú yóò pọ̀ sí i. Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 2017, ẹni tó bá fẹ́ fún ìlú ní ìdá 35 kò nílò láti mú ìwé ìṣirò wá rárá, tàbí ìdá 50 bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ìjọba. Ẹni tí kò bá lè dé ibẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò léraléra. Kò sí ohun tó ní kí káńsù yín ní Kent má fi irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ sínú tirẹ̀.

Tóyìn_M, ọjọ́ 5 oṣù Ẹrẹ́nà

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbé nínú ọ̀kan nínú ilé wọ̀nyẹn, nítorí pé iye ilé nìkan ni gbogbo yín ń kà, ẹ kò ka irú ilé.

Shared Ownership ni tèmi. Ìdá 40 ni mo rà nínú ilé £300,000, ìyẹn £120,000 tí mo yá ní báńkì. Mo ń san rẹ́ǹtì ìdá 2.75 lọ́dún lórí £180,000 tó kù, èyí tó jẹ́ £412 àti ààbọ̀ lóṣù nígbà tí mo wọlé, ó sì ń gòkè lọ́dọọdún. Ohun tó ń dùn mí jù ni service charge, ìyẹn owó ìtọ́jú àyíká ilé. £110 ló jẹ́ lóṣù ní ọdún àkọ́kọ́; £265 ni mo ń san báyìí, ẹni tó ń tún ojú ọ̀nà wa ṣe kò sì tíì yọjú láti Kérésìmesì. Bí mo bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, owó ilé mi kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti aládùúgbò mi tó ń rẹ́ǹtì lọ́jà.

Social Rent nìkan ni ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré lè san kí ara tù ú, nítorí pé ìlànà ìjọba ló ń dá iye rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù kò sì ju bí ìdajì owó ọjà lọ. Affordable Rent lè dé ìdá 80, bí Ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe sọ. Nítorí náà, kí ẹ má kàn sọ pé ẹ fẹ́ ilé 180. Ẹ bèèrè pé mélòó nínú rẹ̀ ni Social Rent. Ilé-iṣẹ́ kan lè fi ìdá 30 sílẹ̀ bó ṣe wà, kó wá rọra sọ gbogbo Social Rent inú rẹ̀ di Shared Ownership, àwọn tó ń ka iye kò sì ní mọ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú, ọjọ́ 5 oṣù Ẹrẹ́nà

Àǹtí Tóyìn, ẹ ṣeun, ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ìdá 25 sì ni ó kéré jù tí ènìyàn lè kọ́kọ́ rà, ta ló ní irú owó bẹ́ẹ̀?

Akọ̀wé_Leeds, ọjọ́ 5 oṣù Ẹrẹ́nà

Ìlànà àtijọ́ nìyẹn. Nínú ìlànà tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 2021, ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 10, ó lè máa fi ìdá kan nínú 100 kún un lọ́dọọdún fún ọdún 15, ẹni tó ta ilé náà fún un sì gbọ́dọ̀ dá sí àwọn àtúnṣe kan fún ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́. Owó tó ń wọlé fún ìdílé náà kò gbọdọ̀ ju £80,000 lọ lọ́dún, tàbí £90,000 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ bèèrè irú ìwé tí wọ́n fẹ́ fún yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ físà tí ẹ sọ lókè náà nílò àtúnṣe, nítorí pé ó ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́yìn láìnídìí ní ibi tí mo ti ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn. Ilé tí káńsù ń pín fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ àti ìrànlọ́wọ́ fún aláìnílé jẹ́ owó ìlú, ẹni tí físà rẹ̀ sọ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìlú kò lè gbà á. Ṣùgbọ́n Shared Ownership kì í ṣe owó ìlú. Báńkì ni ìdènà tó wà níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bèèrè owó àsansílẹ̀ (deposit) tó pọ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ní ìwé ìgbélùú títí lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú.

Bàbá_Walworth, ọjọ́ 6 oṣù Ẹrẹ́nà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ní Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti dàgbà sí, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí láti Peckham dé Walworth. Mo rí bí wọ́n ṣe kó àwọn ènìyàn kúrò ní Heygate, ọgbà ilé ńlá kan níbẹ̀, kí wọ́n lè wó o, kí wọ́n sì kọ́ ilé tuntun. Ilé tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀, ti káńsù sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ìdá 35 ni ìlànà káńsù nígbà náà, ìdá 25 ni wọ́n gbà fún ilé tuntun, Social Rent inú rẹ̀ kò sì tó 100. Nígbà tí aráàlú bèèrè ìwé ìṣirò tí wọ́n fi dé ìdá 25, wọ́n ní àṣírí òwò ni. Ó di ní 2014 kí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó pàṣẹ pé kí wọ́n fi apá kan rẹ̀ han aráàlú, wọ́n sì ti wó ọ̀pọ̀ nínú ilé náà nígbà yẹn. Àwọn tí mo mọ̀ níbẹ̀ ti wà káàkiri báyìí, àwọn mìíràn nínú wọn wà ní Kent lọ́dọ̀ yín.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, ẹ bèèrè ìwé yẹn kíákíá kí ọjọ́ tó lọ. Kí ẹ sì kó ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí jọ. Bí lẹ́tà bá tó 500, wọn kò ní lè ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Aṣètò_Ìlú, ọjọ́ 6 oṣù Ẹrẹ́nà

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀ fún ìtàn Heygate, ara ohun tó jẹ́ kí ìlànà yí padà nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tún ṣe. Lẹ́tà 500 tí ọ̀rọ̀ inú wọn jẹ́ ọ̀kan náà kò ní agbára ju lẹ́tà kan lọ lójú òfin. Ìdí tó bá òfin ìkọ́lé mu ni wọ́n ń wò. Lẹ́tà mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fa ìdí tirẹ̀ yọ, kí ọ̀kan sọ̀rọ̀ abala 106A, kí ọ̀kan sọ̀rọ̀ owó ilẹ̀, kí ọ̀kan sọ̀rọ̀ Social Rent, yóò ṣe ju ìyẹn lọ. Èrò tó bá wá sí ìpàdé ló ń jẹ́ kí àwọn tí a dìbò yàn gbọ́ràn, nítorí náà ẹ pe ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí síbẹ̀.

ÌyáÌbejì_Kent, ọjọ́ 16 oṣù Ẹrẹ́nà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mi ò tètè padà. Mo rí ìwé náà lórí ojúlé káńsù, ojú ewé 84 ni. Ọmọkùnrin mi tó wà ní fásitì bá mi kà á fún alẹ́ mẹ́ta.

Ìdá 20 ni wọ́n kọ fún èrè. Owó tí wọ́n fi sórí ilẹ̀ jẹ́ iye tí wọ́n rà á gan-an, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Bíríkìlà Àgbà, mo lọ sí ilé àwòṣe bí ẹ ṣe wí. Oníyàrá mẹ́ta tí wọ́n kọ £385,000 fún nínú ìwé, £418,000 ni ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ dá lé e fún mi, ó sì fún mi ní ìwé pélébé tí iye náà wà lára rẹ̀. Àǹtí Tóyìn, ohun tí ẹ bẹ̀rù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú 72 tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀, Social Rent kò ju mẹ́jọ lọ.

Àwa ìdílé mẹ́fà ti kọ lẹ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdí tirẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀ràn náà ní káńsù pè mí, ó ní àwọn yóò gbé ìṣirò náà fún ẹlòmíràn láti tún un wò. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní ọjọ́ 16 oṣù Igbe. Wọ́n ní mo lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ níwájú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ rí.

Aṣètò_Ìlú, ọjọ́ 16 oṣù Ẹrẹ́nà

Ẹ forúkọ sílẹ̀ lónìí, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ ìpàdé. Ẹ fi £385,000 àti £418,000 ṣáájú, kí ẹ mú ìwé pélébé yẹn lọ́wọ́. Iye tí ilé tà gan-an ní àdúgbò yín wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Land Registry, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń kọ orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tì í lẹ́yìn, kí wọ́n má bàa sọ pé iye tí wọ́n dá lé e kọ́ ni wọ́n tà á. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìbéèrè abala 106A sókè. Ẹ parí rẹ̀ sórí mẹ́jọ yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kà á fún àwọn ọmọ nílé pẹ̀lú aago lọ́wọ́.

Bíríkìlà_Àgbà, ọjọ́ 17 oṣù Ẹrẹ́nà

£33,000 lórí ilé kan ṣoṣo! Mo ṣì gbà pé ìnáwó pọ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń tà á kò yẹ kó yàtọ̀ nínú ìwé. Gravesend ni mo ń gbé, kò jìn sí yín. Ẹ fi àdírẹ́sì gbọ̀ngàn náà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Èmi àti àwọn mẹ́rin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yóò wá jókòó lẹ́yìn yín lálẹ́ ọjọ́ náà.